Orúkọ Àìsàn àti Ìrora Kíndìnrín

N kò gba iṣẹ́ oníṣègùn ṣe. Ọ̀rọ̀ ni iṣẹ́ mi, ọ̀rọ̀ náà ni mo sì bá wá.

Bí ẹ̀yìn bá ń dun ni, "jẹ̀díjẹ̀dí" ni a ó pè é, a ó sì gbé àgbo mu. Ṣùgbọ́n ìrora tí ó bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀yìn, lábẹ́ egungun ìhà, tí ibà tàbí ìtọ̀ ẹlẹ́jẹ̀ sì bá a rìn, ó lè jẹ́ ti kíndìnrín. Òkúta inú kíndìnrín a máa fà á. Kòkòrò àrùn tí ó gba ojú ìtọ̀ gòkè a máa fà á. Ohun tí ó bá dí ọ̀nà ìtọ̀ a sì máa fà á.

Ẹ wo "àtọ̀sí ajá", tí àwọn olùwádìí ti rí lára àwọn ọmọ ilé-ìwé ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun wa yìí. Aràn tí Theodor Bilharz rí ní Cairo ní 1851 ni ó ń fà á. Inú odò ni ó ti ń wọ ara ọmọ. Ó lè dí ọ̀nà ìtọ̀ títí ìtọ̀ yóò fi padà kún kíndìnrín. Oògùn praziquantel ń pa á. Ṣùgbọ́n orúkọ àrùn àgbèrè ni a fi pè é: ojú lè ti ọmọ, kí ó má sọ fún ìyá rẹ̀.

Ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ẹ jẹ́ kí dókítà yẹ ìtọ̀ wò kí a tó sọ àìsàn lórúkọ.