Káàdì Tó Lọ Tí Kò Padà

[Ohùn: fèrè ọkọ̀ ojú irin láti òkèèrè. Ariwo ọjà Ìfọ̀. Ariwo náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀.]

Ẹ gbọ́ fèrè yẹn. Ìfọ̀ ni mo wà, lẹ́bàá ojú irin àtijọ́, èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò láti Ìddó ní 1896, tó gba ibí kọjá, tó gba Abẹ́òkúta kọjá, tí wọ́n sì ṣí dé Ìbàdàn ní oṣù kẹta ọdún 1901. Irin tóóró ni: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti ínṣì mẹ́fà péré ló fẹ̀. Tuntun tó fẹ̀ jù ú lọ, èyí tí wọ́n ṣí ní 2021, wà nítòsí rẹ̀ bí àbúrò tó ṣáájú ẹ̀gbọ́n là.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú irin ni mo bá wá lónìí. Ohun kékeré kan tó máa ń bá ọkọ̀ rìn ni, tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ: póòsìkáàdì. Ọ̀pọ̀ ọmọ tó ń lọ ilé ìwé ní Mówè lónìí kò rí i rí. Páálí fẹ́lẹ́ ni. Àwòrán wà lójú rẹ̀, ìkíni àti àdírẹ́sì wà lẹ́yìn, sítáǹpù wà ní igun. Kò ní àpò. Ohun tí o bá kọ sí ìyàwó rẹ, akọ̀wé póòsì lè kà á, ẹni tó ń pín lẹ́tà lè kà á, ọmọ tó gbà á lẹ́nu ọ̀nà náà lè kà á. Ẹni tó bá ní àṣírí, kó ra àpò ìwé.

Mo jẹ́wọ́: káàdì tó kọ́kọ́ fà mí wọ ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti ilẹ̀ wa. Ti Họ́láńdì ni. Nídìí ànkárá ni ọ̀pọ̀ nínú wa ti mọ Họ́láńdì. Àwọn ìyá wa máa ń yẹ etí aṣọ wò kí wọ́n tó tú owó nídìí ìró, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá ojúlówó ni. Láti 1846 ni ilé iṣẹ́ Vlisco ti wà ní ìlú Helmond lọ́hùn-ún. Ìbátan mi kan tó ń gbé níbẹ̀ wálé sí Mówè, ó fi káàdì kan lé mi lọ́wọ́: afárá kékeré, odò, ọkùnrin kan tó wọ bàtà onígi. Ọ̀rọ̀ méjì wà ní igun rẹ̀, "Groeten uit", orúkọ abúlé kan sì tẹ̀ lé e. Mo béèrè ìtumọ̀. Ó ní, "Wọ́n ní ẹ kú ilé o, láti ibi báyìí-báyìí." Mo rẹ́rìn-ín. Ìkíni kò ṣàjèjì sí Yorùbá, ṣùgbọ́n pé èèyàn sanwó póòsì nítorí ẹ-kú-ilé lásán, ìyẹn wú mi lórí.

Yíǹkì wà lójú àwòrán náà pẹ̀lú, lókè pátápátá, lójú sánmọ̀. Mo rò pé ọmọdé kan ló bà á jẹ́. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá. Títí di 1905, póòsì Họ́láńdì kò gbà kí wọ́n kọ ohunkóhun sí ẹ̀yìn káàdì alàwòrán ju àdírẹ́sì lọ. Àyè tí àwòrán bá ṣẹ́ kù ni ọ̀rọ̀ ń há ara rẹ̀ sí. Gẹ̀ẹ́sì ló kọ́kọ́ tú u sílẹ̀ ní 1902: wọ́n fa ìlà sí àárín ẹ̀yìn káàdì, ọ̀rọ̀ lápá òsì, àdírẹ́sì lápá ọ̀tún. Fún ẹni tó ń kó káàdì jọ, ìlà yẹn ni ìwé ọjọ́ orí. Bí ẹ̀yìn káàdì kò bá ní ìlà, àgbà ni.

Ohun tó wá dá mi dúró gan-an ni ìwé kékeré kan tí ìbátan mi yìí fún mi pẹ̀lú káàdì náà. Káàdì àtijọ́ ti abúlé yẹn nìkan ló kún inú rẹ̀: ṣọ́ọ̀ṣì wọn, ilé ìwé wọn, ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì, àwọn ọmọdé tó tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ ní ojú títì, tí wọ́n ń wo kámẹ́rà bí ẹni wo idán. Ilé ìtẹ̀wé kan ní ìlú Zaltbommel ló ń tẹ irú rẹ̀ jáde, abúlé lẹ́yìn abúlé, àkọlé kan náà, "in oude ansichten", ìyẹn ni pé nínú àwòrán káàdì àtijọ́. Abúlé tí kò tó ìdajì Ìbàfò ní tirẹ̀. Mo ṣí ìwé náà, mo pa á dé. Mo ní: ti Ìfọ̀ dà?

[Ohùn: ọkọ̀ akérò lójú ọ̀nà márosẹ̀. Ọmọ ọkọ̀ ń pe èrò: "Berger! Berger! Ọjọ́tà!"]

Ká tó dé ti Ìfọ̀, ẹ jẹ́ ká wo ti Mówè àti Ìbàfò ná, torí ọ̀rọ̀ tiwọn kò gùn. Kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn wúwo, gíláàsì ni wọ́n fi ń gba àwòrán, igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta ni wọ́n fi ń gbé e ró. Ibi tí ọkọ̀ òkun bá gúnlẹ̀ sí, tàbí tí ọkọ̀ ojú irin bá dúró sí, ni ó ń dé. Irin gba ọ̀nà Ìfọ̀. Ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn tó sọ Mówè àti Ìbàfò di ohun tí wọ́n dà lónìí, 1978 ni wọ́n tó ṣí i. Nígbà tí káàdì ń jọba, láàárín 1900 sí ogun àgbáyé àkọ́kọ́, oko àti abúlé ni Mówè àti Ìbàfò, kò sì sí ohun tí yóò gbé onífọ́tò Èkó gba inú igbó wá. Ẹ má wá káàdì Mówè àtijọ́ kiri. Mo ti wá a fún yín.

Èkó ló ni ọjà. Òkìkí George da Costa kàn níbẹ̀, ọmọ Èkó tí wọ́n bí ní 1853. Ilé ìtàwé CMS ló ń bójú tó láti 1877 sí 1895, kó tó gbájú mọ́ iṣẹ́ fọ́tò pátápátá. N. Walwin Holm náà wà níbẹ̀, ọmọ Gold Coast tó wá dá sítúdíò sílẹ̀ ní Èkó, tó ń ta káàdì àwòrán ìlú, tó sì padà di lọ́yà. Ẹ gbọ́ yẹn dáadáa o, torí wọ́n máa ń pìtàn fún wa bí ẹni pé òyìnbó nìkan ló gbé kámẹ́rà, tí tiwa kò ju ká dúró kí wọ́n yà wá lọ. Àwọn wọ̀nyí jẹ́ aláwọ̀ dúdú, wọ́n ní sítúdíò, wọ́n ní oníbàárà, wọ́n mọ orúkọ ẹni tó jókòó síwájú wọn. Púpọ̀ nínú káàdì ìgbà yẹn, Jámánì ni wọ́n ti ń tẹ̀ ẹ́ kó tó padà wọkọ̀ òkun wá sí Èkó.

Àwọn àlùfáà Àgùdà tó wá láti Lyon náà tẹ tiwọn: Abẹ́òkúta, ilé ìwòsàn Sacred Heart tí wọ́n dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1895, àwọn aláìsàn, àwọn ọmọ ilé ìwé. Nítorí kí àwọn ará Faransé lè dáwó ni. Ojú àánú ni wọ́n fi ya púpọ̀ nínú wọn, èmi ò sì fẹ́ràn ojú àánú. Síbẹ̀, bí wọn kò bá yà á, a ò ní rí ògiri ilé ìwòsàn yẹn mọ́ bó ṣe rí nígbà tó wà ní tuntun.

Ní Dakar, Edmond Fortier tẹ ohun tó lé ní ẹgbẹ̀rún mẹ́ta káàdì oríṣiríṣi, ó sì dé Dàhòmì pẹ̀lú. Káàdì rẹ̀ rìn jìnnà. Anne Baldassari, tó yẹ ẹrù tí Picasso ayàwòrán fi sílẹ̀ wò, bá nǹkan bí ogójì nínú wọn níbẹ̀, ó sì ń sọ pé ìdúró àwọn obìnrin inú wọn hàn nínú àwòrán ńlá tí ọkùnrin náà yà ní 1907. Àwọn obìnrin wọ̀nyẹn kò gbọ́ orúkọ Picasso rí. Òun náà kò mọ tiwọn.

[Ohùn: bébà tí wọ́n ń ṣí ọ̀kọ̀ọ̀kan.]

Wàyí o, kí ló dé tí káàdì kò fi sí nínú àpótí wa? Mo wá a ní Ìfọ̀. Mo béèrè lọ́wọ́ àwọn tí bàbá wọn ṣiṣẹ́ rélùwéè. Fọ́tò ìgbéyàwó ni wọ́n mú jáde, fọ́tò òkú, káàdì ìdánimọ̀, ìwé owó ìfẹ̀yìntì. Póòsìkáàdì kò sí. Ó pẹ́ kó tó yé mi: káàdì jẹ́ ohun tí a ń rà láti fi ránṣẹ́. Ẹni tó bá rà á ní Èkó kò rà á fún ara rẹ̀. Àjẹ́lẹ̀, àlùfáà, òyìnbó oníṣòwò, wọ́n rà á, wọ́n kọ "ará mi le" sí i, wọ́n sọ ọ́ sínú àpótí póòsì, ó di Liverpool, ó di Hamburg. Gbogbo káàdì tó ṣiṣẹ́ rẹ̀ dáadáa ti fi ìlú sílẹ̀. Ti Họ́láńdì kò rí bẹ́ẹ̀: abúlé kan ló ń kí abúlé kejì, kò jáde nílé.

Ìdí nìyẹn tí ẹni tó bá fẹ́ rí Èkó ayé ọba Edward fi ní láti lọ rà á padà lọ́dọ̀ àwọn ọmọ-ọmọ ẹni tó gbà á, ní ọjà káàdì wọn, tàbí lórí eBay àti Delcampe ti Bẹ́ljíọ̀mù, ní owó yúrò. Èyí tí Leonard Lauder, olówó Amẹ́ríkà, kó jọ wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Boston, inú rẹ̀ sì ni Christraud Geary ti mú ìwé jáde ní 2018 lórí àwọn onífọ́tò ilẹ̀ Áfíríkà wọ̀nyí.

Bí ẹ bá fẹ́ rà, ẹ wo sítáǹpù kí ẹ tó wo àwòrán. Bí "Lagos" bá wà lára rẹ̀, ó sábà máa jẹ́ kí wọ́n tó da Èkó pọ̀ mọ́ Gúúsù Nàìjíríà ní 1906. Bí "Southern Nigeria" ni, kò kọjá 1914 púpọ̀. Lẹ́yìn náà ni "Nigeria" dé. Ẹ ka òǹtẹ̀ dúdú tó wà lórí sítáǹpù: òun ló ń sọ ìlú tí wọ́n ti fi ránṣẹ́. Ẹ gbé awò asọ-nǹkan-di-ńlá sí ojú àwòrán. Bí ẹ bá rí tóótòòtóó kéékèèké tó tò bí ìlà àgbàdo, ìtẹ̀ ìgbà tiwa lè wà níbẹ̀, kí ẹni tó ń tà á sì máa pè é ní ti àtijọ́.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe lámínéètì rẹ̀. Mo mọ àwa ará ibí. Ìwé ẹ̀rí, fọ́tò, kàlẹ́ńdà olóògbé, gbogbo rẹ̀ la máa ń gbé lọ fún oní-lámínéètì. Àǹtí mi kan ní Ìfọ̀ ní káàdì Èkó kan láti nǹkan bí 1960. Ọ̀kan ṣoṣo tí mo rí ní gbogbo àdúgbò nìyẹn, ìfẹ́ ló sì mú wọn gbé e lọ. Ooru ẹ̀rọ yẹn yọ́ àwọ̀ rẹ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ di dúdú, ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ síbẹ̀ kò ṣeé kà mọ́. Àpò ráńpẹ́ tí kò ní èròjà kíkan, ibi gbígbẹ, ibi tí ikán kò lè gùn dé, ó tó.

[Ohùn: ọjà. Àwọn obìnrin ń sọ̀rọ̀.]

Lẹ́yìn gbogbo ìrìn yìí, mo ní kí wọ́n bá mi tẹ káàdì kan sórí bébà ńlá, mo sì gbé e padà wá sí Ìfọ̀. Ọmọbìnrin kan ló wà nínú rẹ̀, ó ró ìró mọ́ àyà, ó dirun. Ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ rẹ̀ kò ju "Yoruba girl, Lagos" lọ. Kò sí orúkọ, kò sí ilé. Irú àkọlé bẹ́ẹ̀ ló wà lórí ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn: ọmọbìnrin Yorùbá, ìjòyè kan, àwọn aláta. Ẹni tó ń tà á ní Yúróòpù kọ "a kò mọ ẹni náà" sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó sì gbà pé ọ̀rọ̀ parí.

Mo tẹ́ ẹ síwájú màmá kan tó ń dirun ní ẹ̀yìn ọjà, ẹni tí ọmọ wọn ní wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Wọ́n nu ọwọ́ mọ́ ìró. Wọn kò wo ojú ọmọ náà. Wọ́n tẹjú mọ́ irun, wọ́n fi ìka tọ ìlà rẹ̀ láti iwájú orí títí lọ sí ìpàkọ́.

"Kòlẹ́sẹ̀ ni," wọ́n ní. "Ọ̀wọ́ mẹ́jọ." Wọ́n tún kà á. "Mẹ́jọ ni."

Wọ́n wo irun wẹ́wẹ́ tó yọ ní etí, wọ́n ní irun náà ti lò tó ọ̀sẹ̀ méjì kí wọ́n tó ya fọ́tò. Wọ́n wo ẹ̀rẹ̀kẹ́, wọ́n ní pẹ́lẹ́ ni, ọwọ́ oníkọlà yẹn kò gbọ̀n. Wọ́n wo aṣọ, wọ́n ní kì í ṣe aṣọ ilé, aṣọ tí wọ́n yá a wọ̀ ni, ẹ ò rí i bó ṣe gùn jù ú. Mo gbé ẹ̀rọ agbóhùnsílẹ̀ sún mọ́ wọn. Mo bi wọ́n pé ṣé nǹkan mìíràn wà.

[Ohùn màmá náà, ó ń sún mọ́ni:]

"Ta ló di í fún un? Ó ti fà á jù. Ẹ wo iwájú orí rẹ̀, ń ṣe ni orí á máa dun ọmọ ọlọ́mọ nígbà tí wọ́n ní kó dúró jẹ́ẹ́ yẹn."