Ehoro Tehuantepec: Ibi Tó Kù Sí àti Bí Wọ́n Ṣe Ń Wá A

Ẹranko tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ lónìí, ehoro Tehuantepec, kò sí níbòmíràn láyé àfi gúúsù Mẹ́síkò. Wagner, ará Jámánì, ló kọ́kọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì lọ́dún 1844. Ìbátan ehoro inú ọ̀dàn tiwa ni, ṣùgbọ́n ìhà tirẹ̀ funfun, ìlà dúdú méjì sì ti ìdí etí sọ̀ kalẹ̀ dé ẹ̀yìn ọrùn. Ìlà yẹn lẹ ó wò tí ẹ kò fi ní ṣì í mọ̀.

Láyé àtijọ́, ó ń jẹ̀ kiri létí òkun Pasífíìkì láti Salina Cruz ní Oaxaca títí dé agbègbè Tonalá ní Chiapas. Ojú ibi mẹ́rin péré ló kù sí báyìí, nítòsí àwọn ọ̀sà Oaxaca: Montecillo Santa Cruz, Aguachil, San Francisco del Mar Viejo àti Santa María del Mar. Àwọn àgbà ehoro tó wà níbẹ̀ kò tó 1,000. Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni àlàfo tó wà láàárín ibi mẹ́rin náà. Oko, ìlú àti omi ti dínà, akọ ibí kò lè dé ọ̀dọ̀ abo ọ̀hún, àyẹ̀wò DNA sì ti fi hàn pé ìyàtọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ wọn ti kéré jọjọ.

Báwo ni àwọn olùwádìí ṣe ń kà wọ́n? Lójú ọ̀sán, ehoro yìí máa ń ba sínú koríko ni, kì í gbẹ́ ihò. Òru niṣẹ́ wà. Ọkọ̀ á rọra máa lọ lójú ọ̀nà tí wọ́n ti wọ̀n sílẹ̀, ẹnì kan á dúró lẹ́yìn ọkọ̀, á máa tan iná ńlá sọ́tùn-ún sósì. Bí ojú ehoro bá ti dán nínú òkùnkùn, wọn á dúró, wọn á wọn bó ṣe jìnnà sí ọ̀nà tó, wọn á kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwọ̀n yẹn ni wọ́n fi ń ṣírò àwọn tí ojú kò rí. Olùwádìí kan, Verónica Farías, àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tún so rédíò mọ́ àwọn kan lọ́rùn ní Montecillo Santa Cruz. Wọ́n rí i pé àgbà kan ń lo nǹkan bíi hẹ́kítà 50.

Pápá màlúù ni ilẹ̀ tí ehoro yìí ń gbé, ẹ̀yà Ikoots àti ẹ̀yà Zapotec ló sì ni púpọ̀ nínú rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, wọ́n ń dáná sun ún kí koríko tútù lè hù. Àgbà ehoro lè sá; ọmọ rẹ̀ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bí sórí ilẹ̀ gbalasa ńkọ́? Ajá àti ọdẹ tún wà. Síbẹ̀, n kò fara mọ́ kí ẹnikẹ́ni lé darandaran kúrò lórí ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Ẹni tó ń ka ehoro lóru àti ẹni tó ń da màlúù lọ́sàn-án ló yẹ kí wọ́n jọ jókòó kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé, kí wọ́n jọ yan apá ibi tí iná kò ní dé lọ́dún náà.