Ta Ló Tà Á fún Yín? Ọ̀rọ̀ lórí Ìwé Ilẹ̀ àti Ìwé Ilé

(Ọ̀rọ̀ tí ìgbìmọ̀ ìtọ́jú ọmọ ẹgbẹ́ bá ìpàdé ẹ̀ka wa sọ)

 

Ìbéèrè tó ń wá sọ́dọ̀ ìgbìmọ̀ wa lórí ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ti pọ̀ ju ohun tí a lè máa dáhùn lọ́kọ̀ọ̀kan lẹ́nu géètì lọ. Ìdí nìyí tí a fi kó wọn jọ lónìí. Owó tí òṣìṣẹ́ fi ń ra ilẹ̀ kì í ṣe owó eré. Owó alájẹṣẹ́kù tí wọ́n ń yọ nínú owó oṣù lọ́dọọdún ni, tàbí owó ìfẹ̀yìntì tí kò ní èkejì. Bí irú owó bẹ́ẹ̀ bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò nílẹ̀, kò sí ófátáìmù tó lè dá a padà.

Ìbéèrè tó pọ̀ jù ni èyí: "Mo ti sanwó, wọ́n ti fún mi ní rìsíìtì. Ṣé ilẹ̀ ti di tèmi?" Ìdáhùn wa ni pé rìsíìtì ń fi hàn pé ẹ sanwó fún ẹnì kan. Kò fi hàn pé ẹni náà ló ni ilẹ̀. Nínú àṣà wa, tí ilé ẹjọ́ sì gbà bẹ́ẹ̀, ohun mẹ́ta ló ń mú kí títà di títà: kí owó pé, kí ẹlẹ́rìí wà níbẹ̀, kí wọ́n sì mú ẹni tó rà á dé orí ilẹ̀, kí wọ́n fi ààlà hàn án, kí wọ́n yọ̀ǹda rẹ̀ fún un. Rìsíìtì pẹ̀lú ilẹ̀ tí ẹ ti ń lò lágbára ní kóòtù. Rìsíìtì tí ẹ ká sínú àpótí, tí ẹ kò sì débi ilẹ̀ náà fún ọdún mẹ́wàá, agbára rẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó tà á kò bá lẹ́tọ̀ọ́ láti tà, ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò lè gbà yín.

Awakọ̀ tó fẹ́ ra bọ́ọ̀sì yóò yẹ nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì wò, yóò yẹ pátíkúlà wò, yóò sì béèrè ẹni tó ń lò ó tẹ́lẹ̀, kó tó tú owó sílẹ̀. Ó yà wá lẹ́nu pé awakọ̀ yìí kan náà yóò lọ ra ilẹ̀, yóò sì sanwó fún ẹni tí kò mọ ilé rẹ̀, nítorí pé alárinà sọ pé ẹlòmíràn ti ń bọ̀ wá sanwó lọ́la.

Ta ló wá lẹ́tọ̀ọ́ láti tà? Púpọ̀ nínú ilẹ̀ tí a ń rà lágbègbè Ìkòròdú, Ọ̀tà tàbí ẹ̀yìn odi Ìbàdàn, ilẹ̀ ẹbí ni. Ilẹ̀ ẹbí kì í ṣe ti ẹnì kan. Olórí ẹbí pàápàá, alábòójútó ni. Bí bàbá tó fẹ́yàwó nílànà ìbílẹ̀ bá kú láìṣe ìwé ìhágún, ilẹ̀ rẹ̀ di ti gbogbo ọmọ rẹ̀ lápapọ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, dáwódù sì di olórí wọn. Bí ìyàwó mẹ́ta bá bímọ fún un, ìdí igi mẹ́ta ló wà nínú ẹbí náà, ìdí igi kọ̀ọ̀kan sì ní aṣojú tirẹ̀. Olórí ẹbí àti àwọn aṣojú wọ̀nyí ni òfin ń wá lórí ìwé títà.

Lọ́dún 1959, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ ní Nàìjíríà nígbà náà là á mọ́lẹ̀ nínú ẹjọ́ Ekpendu àti Erika. Bí olórí ẹbí bá tà á láìjẹ́ pé àwọn aṣojú fọwọ́ sí i, títà náà ṣì dúró, ṣùgbọ́n àwọn yòókù lè lọ sí kóòtù láti dà á nù, bí wọn kò bá jẹ́ kó pẹ́. Bí àwọn ọmọ ẹbí bá tà á láìsí olórí ẹbí, òfo ni láti ìbẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ ká tún un sọ nítorí àwọn tó jókòó lẹ́yìn: òfo ni, bí ogún ènìyàn tilẹ̀ fọwọ́ sí i. Ohun tí àwọn géńdé kan sì ń ṣe gan-an nìyẹn. Bàbá ti darúgbó sínú ilé, wọ́n ń ta ilẹ̀ níta, wọ́n ní Bàbá ti mọ̀ sí i.

Nítorí náà, ẹ lọ sí agbo ilé wọn. Kì í ṣe ṣọ́ọ̀bù alárinà, kì í sì í ṣe ilé ọtí. Ẹ bi wọ́n ní olórí ẹbí, kí ẹ fojú kàn án, kí ẹ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Ẹ lọ bá ẹni tó ti kọ́lé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀ náà, ẹ bi í léèrè ẹni tó tà á fún un, bóyá ẹjọ́ wà nílẹ̀. Onítọ̀hún mọ̀ ju alárinà lọ, kò sì ní gba kọmíṣọ̀n lọ́wọ́ yín. Bí àwọn àgbà tí yóò tẹ̀ka kò bá mọ̀wé, òfin ní kí ẹni tó kọ ìwé náà kọ orúkọ àti àdírẹ́sì ara rẹ̀ sí i, kó sì hàn pé wọ́n ti kà á, wọ́n ti túmọ̀ rẹ̀ fún wọn kí wọ́n tó tẹ̀ka.

Lẹ́yìn ẹbí ló kan ìjọba. Ẹ gba awọnlẹ̀ tó ní ìwé àṣẹ, kó wọn ilẹ̀ náà, kó sì lọ yẹ̀ ẹ́ wò lọ́fíìsì Surveyor-General ìpínlẹ̀ bóyá ó wà nínú ilẹ̀ tí ìjọba ti gbà. Kí ẹ tó sanwó ni kí ẹ ṣe é. Bí wọ́n bá ní ìjọba ti dá ilẹ̀ abúlé náà padà, ẹ ní kí wọ́n fi gásẹ́ẹ̀tì hàn yín. Àwọn kan máa ń sọ pé gásẹ́ẹ̀tì ń bọ̀ lọ́nà. Ohun tó wà lọ́nà kò tíì dé.

Àwọn tó fẹ́ ra ilé tó ti ní C of O ń béèrè pé kí ló tún kù. Òfin ilẹ̀ tí ìjọba ológun ṣe ní ọjọ́ 29 oṣù March, ọdún 1978, ló fi ilẹ̀ ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan sábẹ́ àbójútó gómìnà, ó sì ṣì wà títí di òní. Ẹni tó ní ẹ̀tọ́ lórí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ tà á tàbí fi í yáwó ní báńkì láìgba àṣẹ gómìnà. Lọ́dún 1989, nínú ẹjọ́ Savannah Bank àti Ajilo, ẹni tó fi ilé yáwó ló tún lọ sí kóòtù pé ìwé tí òun ṣe kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ nítorí pé kò sí àṣẹ gómìnà. Ilé Ẹjọ́ Gíga Jù Lọ gbè é. Báńkì tó ní lọ́yà ló ṣẹlẹ̀ sí o! Ẹ má sì rò pé C of O wẹ gbogbo ẹ̀ṣẹ̀ nù. Bí ẹni tí ilẹ̀ kì í ṣe tirẹ̀ bá lọ gbà á, kóòtù lè fagi lé e.

Owó àṣẹ yìí ló ń dẹ́rù ba púpọ̀ nínú wa. Ní Èkó, lọ́dún 2015, ìjọba dín gbogbo rẹ̀ kù láti ìdá 13 sí ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún iye tí ilé tó.

Ti lọ́yà ńkọ́? Òfin kò gbà kí ẹni tí kì í ṣe lọ́yà gbowó láti kọ ìwé títà ilẹ̀. Akọ̀wé ẹ̀bá kóòtù lè kọ lẹ́tà fún yín, kó má kọ èyí. Kí lọ́yà náà sì jẹ́ tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó ń tà. Bí ẹni mẹ́ta tàbí mẹ́rin nínú wa bá fẹ́ rà lọ́wọ́ ẹbí kan náà, ẹ pawọ́ pọ̀ gba lọ́yà kan, owó rẹ̀ kò ní wúwo.

Nípa àwọn ajagungbalẹ̀, Èkó ṣòfin lòdì sí fífi ipá gba ilẹ̀ lọ́dún 2016, Ògùn náà ṣe tirẹ̀ lọ́dún kan náà. Bí wọ́n bá dé, ẹ má bá wọn jà. Ẹ kó ìwé yín, kí ẹ fẹjọ́ sùn.

Ẹ̀yin tí ilé ṣì wà lórúkọ bàbá yín tó ti dolóògbé, tí ẹ sì ń wá ẹni tí yóò rà á, ẹ kọ́kọ́ lọ gba ìwé àṣẹ láti bójú tó ogún ní ilé ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀, kí gbogbo ìdí igi sì mọ̀ sí i. Láìsí i, lọ́yà ẹni tó fẹ́ rà á yóò dá yín padà.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti fẹ́ sanwó, tí ìwé tí wọ́n gbé fún un kò sì yé e, kó mú un wá fún ìgbìmọ̀ wa lẹ́yìn ìpàdé. A kì í gbowó. Ẹ má mú ojúlówó ìwé wá o, fótókọ́pì ti tó.