Ìbò Kì Í Ṣe Ọjà Títà

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ó dìbò fún ìgbà àkọ́kọ́, ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ohun tí olùra-ìbò gbójú lé nìyẹn. Láti ọdún 2023 tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ni oúnjẹ àti owó ọkọ̀ ti wọ́n gógó.

Ṣùgbọ́n bí olùdìbò bá gba náírà 5,000, tí ó pín in sí ọjọ́ 1,095 inú sáà ọdún 3, kò tó náírà 5 lójúmọ́.

Ọ̀nà oko tí ó bàjẹ́ a máa mú kí oúnjẹ wọ́n sí i. Ìjọba ìbílẹ̀ ni ó yẹ kí ó tún un ṣe. Ẹni tí ó ti ta ìbò rẹ̀, ẹnu wo ni yóò fi béèrè?

Ẹ dìbò; ẹ má tà á.