Ará Àdúgbò àti Bọ́ǹbù Tí Kò Tíì Bú

Ọ̀rọ̀ tí ó délẹ̀ lónìí ni ti bọ́ǹbù tí ogun tàbí jàǹbá fi sílẹ̀ sáàárín ìlú, àti ipa ará ìlú nínú kíkó o kúrò.

Bí ènìyàn bá wọ ọkọ̀ ní Pleasure ní Alímọ̀ṣọ́, tí ó gba Agége, yóò dé bárékè àwọn ológun ní Ìkẹjà. Níbẹ̀ ni ilé ìkó-ohun-ìjà-sí ti gbiná ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, 27 oṣù Kìíní, ọdún 2002. Ọta ńláńlá ń fò wọ àdúgbò bí òkò. Ẹni tí ó kú lé ní ẹgbẹ̀rún kan; ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kì í ṣe iná ni ó pa wọ́n, kànáàlì Òkè-Àfà ní Ìsọlọ̀ ni wọ́n sá kó sí.

Iná kú, ewu kò kú. Ọta tí kò tíì bú wà káàkiri. Àwọn ológun Amẹ́ríkà tí ó mọ iṣẹ́ bọ́ǹbù wá ran ti Nàìjíríà lọ́wọ́. Ìmọ̀ wọn kò kéré, ṣùgbọ́n àlejò a máa lójú ńlá, kì í fi í ríran. Ta ni yóò mọ̀ pé irin kan wà lẹ́yìn ilé ìyá elékuru, tí kò sí níbẹ̀ lánàá? Ta ni ọmọdé yóò gbọ́ràn sí lẹ́nu bí kò ṣe olùkọ́ rẹ̀? Ẹni tí ń ra irin àlòkù gan-an ni ó yẹ kí á kọ́kọ́ pè sí ìpàdé, nítorí ọwọ́ rẹ̀ ni ó máa ń kan ọta kí ẹlòmíràn tó rí i.

Ní Guinea-Bissau, ogun ọdún 1998 sí 1999 fi bọ́ǹbù abẹ́ ilẹ̀ sílẹ̀ ní olú-ìlú. Ẹgbẹ́ HUMAID, tí kì í ṣe ti ìjọba, kọ́ àwọn ọmọ ìlú ní iṣẹ́ náà, àwọn ni wọ́n sì tú ilẹ̀ wọn wò. Ní 2012 ni ìjọba kéde pé ó ti parí. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún rí ibi mìíràn tí ó fu wọ́n lára.

Nàìjíríà pẹ̀lú ti ṣe irú ìkéde yìí rí, ní 2011, nípa bọ́ǹbù tí ogun abẹ́lé 1967 sí 1970 fi sílẹ̀. Síbẹ̀, ní oṣù Kẹwàá 2017, Ilé-Ẹjọ́ ECOWAS fi òǹtẹ̀ lu àdéhùn pé kí ìjọba san bílíọ̀nù 88 náírà: 50 fún àwọn tí ó fara gbá a, 38 fún kíkó bọ́ǹbù tí ó kù àti kíkọ́ ilé ẹ̀kọ́ pẹ̀lú àwọn ilé mìíràn. Ǹjẹ́ wọ́n bi àgbẹ̀ tí ń kọ ebè léèrè kí wọ́n tó kéde?

Bí ọmọ kan ní Pleasure bá rí irin àjèjì lọ́nà ilé ẹ̀kọ́ lọ́la, kí ó má ṣe fọwọ́ kàn án. Kí olùkọ́ lé àwọn ọmọ jìnnà sí i, kí ó fi ẹnìkan ṣọ́ ọ̀nà láti òkèèrè, kí ó sì ránṣẹ́ sí ọlọ́pàá, nítorí wọ́n ní ẹ̀ka tí ó ń rí sí bọ́ǹbù.