Kí Ni Irin Wọ̀nyí Wà Fún?

 

Ní ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ ìjọ kan wá láti Àbújá láti fi ọjọ́ kan ṣoṣo bẹ Lọ́kọ́jà wò. Wọ́n ní ìkánjú ti sú àwọn. Àwọn fẹ́ rìn jẹ́jẹ́, kí àwọn wo ibi tí Odò Ọya àti Odò Bẹ́núé ti pàdé, kí àwọn sì gbọ́ ìtàn ìlú. Bí a ti ń múra sílẹ̀ dè wọ́n ní Lokongoma níhìn-ín, mo ń rò ó nínú ara mi pé, kí ni ó wà lọ́dọ̀ wa tí ènìyàn ń náwó ọkọ̀ wá wò? Ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́, ojú kì í kà á sí mọ́.

A mú wọn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ Holy Trinity, èyí tí Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther dá sílẹ̀ ní 1865, ọdún kan lẹ́yìn tí a fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù. Níbẹ̀ ni Irin Òmìnira wà, níbi tí ìtàn sọ pé a ti ń tú àwọn ẹrú sílẹ̀. Ọmọdébìnrin kan tí ó tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ di irin náà mú, ó ní: “Bàbá, àwọn wo ni wọ́n tú sílẹ̀ níbí? Ibo ni wọ́n wá gbà lọ?”

Ẹ̀yin ará, ó pẹ́ tí mo ti ń gba ibẹ̀ kọjá. N kò rí èsì fọ̀. Mo rántí Jóṣúà, ẹni tí ó ní kí a gbé òkúta méjìlá láti inú Jọ́dánì, kí àwọn bàbá lè rí nǹkan sọ nígbà tí ọmọ bá béèrè. Ọmọ ti béèrè, bàbá dákẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ni èsì dé. Àwọn ọ̀dọ́ wa ti múra eré orí ìtàgé kan sílẹ̀ nípa ìgbésí ayé Crowther. Àríyànjiyàn pọ̀ lórí eré yìí. Àwọn àgbà kan ní eré ṣíṣe kì í ṣe iṣẹ́ ìjọ, pé gángan kò sì gbọdọ̀ dún nínú gbọ̀ngàn wa. Èmi pàápàá fẹ́ dá a dúró. Ohun tí kò jẹ́ kí n ṣe bẹ́ẹ̀ ni ìtàn Dúró Ládípọ̀. Ó fi ìlù Yorùbá kọrin Àjíǹde nínú ìjọ kan ní Òṣogbo, àwọn alàgbà sì kọ̀ ọ́. Ó gbé ìlù rẹ̀ jáde. Ní 1962, ó bá wọn dá Mbari Mbayo sílẹ̀. Ní 1963, ó gbé Ọba Kòso jáde. Ní 1964, ó gbé e dé Berlin, ayé sì pàtẹ́wọ́. Àwa ni a lé ìlù náà síta, kí a má ṣe béèrè ìdí tí ó fi ń ki Ṣàngó.

Eré bẹ̀rẹ̀. A rí i bí wọ́n ti kó Àjàyí lẹ́rú ní Òṣogùn ní 1821, bí ọkọ̀ ojú omi Gẹ̀ẹ́sì ti gbà á sílẹ̀ ní 1822, àti bí ó ti tún fojú kan ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n. Nígbà tí ìyá àti ọmọ dúró tí ẹnu wọn kò lè sọ̀rọ̀, gángan náà dákẹ́. Bàbá tí ó tako eré yìí jù lọ ṣí fìlà rẹ̀. Nígbà tí eré parí, ó ní: “Àlùfáà, ẹ jẹ́ kí wọ́n tún un ṣe ní Àjíǹde.”

Ọmọdébìnrin náà tún tọ̀ mí wá: “Bàbá, ṣé ìyá àwọn tí wọ́n tú sílẹ̀ níbí náà rí wọn?” Mo ní: “Ọmọ mi, àwọn mìíràn rí wọn. Ọ̀pọ̀ kò rí wọn títí ikú fi dé.” Ó di ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ mú ṣinṣin.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ẹ mú àwọn ọmọ yín lọ sí ìdí irin náà kí àlejò tó fi ọ̀nà rẹ̀ hàn wọ́n. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, ẹ má ṣe ti ilẹ̀kùn mọ́ ìlù àwọn ọ̀dọ́. Kí Ọlọ́run tí ó tú ìgbèkùn sílẹ̀ la ojú wa sí ohun tí ó ṣe ní ilẹ̀ wa. Àmín.