Ọmọdé Ló Ní Àkísà: Ọ̀rọ̀ Lórí Àgbàlagbà àti Ṣẹ́ẹ̀sì
(Ọ̀rọ̀ tí alukoro ẹgbẹ́ sọ níbi ayẹyẹ ọdún kẹwàá ní Ugbe-Àkókó)

  Ọdún mẹ́wàá kì í ṣe ọjọ́ mẹ́wàá.

Nígbà tí ìgbìmọ̀ ní kí èmi alukoro wá sọ̀rọ̀, ọ̀pọ̀ rò pé ọ̀rọ̀ owó ni n ó sọ, nítorí pé báńkì ni mo ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rọ̀ owó kò ní tán láyé. Ẹ jẹ́ kó sinmi lónìí. Pátákó ṣẹ́ẹ̀sì mẹ́fà tí ẹgbẹ́ rà sí gbọ̀ngàn wa ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí. Bí ọmọ iléèwé bá gba ìsinmi, àwọn ọmọ wa kì í dìde nídìí rẹ̀. Àwa tí a dáwó rà á, a kì í jókòó sí i. Mo bi àwọn ọ̀rẹ́ mi kan ní ìdí rẹ̀, ohun kan náà ni wọ́n sì sọ: "Alukoro, ọpọlọ wa ti dì. Fi í sílẹ̀ fún àwọn ọmọdé."

Mo fẹ́ kí a yẹ ọ̀rọ̀ yìí wò, nítorí pé òótọ́ wà nínú rẹ̀ díẹ̀.

Gbogbo wa la gbọ́ ìròyìn Túndé Onakoya, ọmọ Ìkòròdú, tó ta ṣẹ́ẹ̀sì fún ọgọ́ta wákàtí ní Times Square ní New York ní oṣù kẹrin ọdún 2024. Òun ló dá Chess in Slums Africa sílẹ̀ ní 2018, tó fi ń kọ́ àwọn ọmọ tálákà ní eré yìí. Ìgbà tí òun fúnra rẹ̀ wà ní kékeré ló ti kọ́ ọ, ní ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ẹni ogójì ọdún tó bá bẹ̀rẹ̀ lónìí kò ní bá a. N kò ní parọ́ fún yín. Bí ọdún ṣe ń gorí ọdún, bẹ́ẹ̀ ni ìyára ọpọlọ ń dín kù. Ye Jiangchuan, ará Ṣáínà, jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún kó tó kọ́ ṣẹ́ẹ̀sì, ó sì gba oyè grandmaster, ṣùgbọ́n títí di òní ni àwọn èèyàn ń fi í ṣe àpẹẹrẹ ẹni tó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún! Kí la wá fẹ́ sọ nípa tiwa?

Àmọ́ a kò wá oyè. Ohun tí à ń bèèrè ni bóyá ẹni ogójì tàbí àádọ́ta ọdún lè ta á ní ọdún tó ń bọ̀ ju bó ṣe ta á lọ́dún yìí. Ó lè ṣe é, bó bá mọ ohun tó ń dí i lọ́nà.

Ní ọdún 1946, ará Netherlands kan, Adriaan de Groot, tí òun náà mọ ṣẹ́ẹ̀sì ta gan-an, gbé ìwé jáde lórí bí àwọn tó ń ta á ṣe ń ronú. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn rò ni pé ọ̀gá máa ń rí ọ̀nà jíjìn ju akẹ́gbẹ́ rẹ̀ lọ. De Groot rí i pé ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ kò tó nǹkan. Ṣùgbọ́n bí ọ̀gá bá wo pátákó ní ìwò fìrí, ó lè to gbogbo ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì padà sáyè wọn láìwòye mọ́. Ní 1973, William Chase àti Herbert Simon ní Amẹ́ríkà tún un dán wò. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré ni wọ́n fi pátákó hàn. Bó bá jẹ́ eré gidi ló wà lórí rẹ̀, ọ̀gá rántí púpọ̀ ju ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Wọ́n wá kàn fọ́n àwọn ọmọ ṣẹ́ẹ̀sì náà ká bó ṣe wù wọ́n. Ọ̀gá kò sàn ju akẹ́kọ̀ọ́ mọ́.

Ẹ rí i pé kì í ṣe orí tó tóbi ni ọ̀gá ní. Ohun tí ojú rẹ̀ ti rí ló pọ̀. Ìyá wa tó ń ta gàrí lọ́jà Ìkàrẹ́ kò nílò ìwé kó tó mọ gàrí tí kò gbẹ dáadáa. Ojú lásán ló fi ń mọ̀ ọ́n. Àwọn àgbà ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Àkísà yìí gan-an ni de Groot ń wá kiri.

Ibi tí wàhálà wa wà nìyí o. Nídìí ṣẹ́ẹ̀sì, ọmọ ọdún mọ́kànlá tó ti ń ta á fún ọdún mẹ́rin ló ní àkísà, aṣọ tuntun ló wà lọ́rùn àwa. Ẹgbẹ́ tí ọjọ́ orí kó jọ sì ni wá. Ọjọ́ orí la fi ń mọ ẹni tí yóò kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, òun la fi ń mọ ẹni tí a ń dọ̀bálẹ̀ fún. Èèyàn wá jókòó síwájú ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, wọn ò tíì ta á jìnnà, ọmọ ní, "Ẹ má bínú sà, ọba yín ti há." Àwọn tó dúró yí wọn ká bú sẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà ni bàbá ti ń sọ pé ọpọlọ òun ti dì. Ọpọlọ ò dì. Ojú ló tì í.

Bẹ́ẹ̀, àwọn bàbá wa ti yanjú ọ̀rọ̀ yìí tipẹ́ nídìí ọpọ́n ayò. Ihò méjìlá, ọmọ ayò méjìdínláàádọ́ta, kò sí ibi tí wọ́n kọ ọjọ́ orí sí. Ẹni tó mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀ta, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n ta ni ọ̀pẹ, ìbáà jẹ́ onílé. Ọ̀ta á máa fi ọ̀pẹ ṣe yẹ̀yẹ́, àwọn òǹwòran á máa dá sí i. Bí wọ́n bá dìde, bàbá á padà di bàbá, kò sẹ́ni tó ń gbé orúkọ ọ̀pẹ délé. Ó yà mí lẹ́nu pé àwa tí a dàgbà sídìí ọpọ́n yẹn kò gbé àṣà rẹ̀ wá sídìí ṣẹ́ẹ̀sì.

Àwọn kan nínú wa tilẹ̀ ń ta á, ṣùgbọ́n inú fóònù ni, lóru, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti rí wọn. Eré kéékèèké, ìṣẹ́jú mẹ́ta mẹ́ta, ogún eré kí oorun tó dé. Wọ́n lè ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọdún márùn-ún kí wọ́n má kúrò lójú kan. Ní báńkì, bí owó ọwọ́ akápò àti ti inú ìwé kò bá bára mu lọ́jọ́ alẹ́, a kì í sọ pé ká ṣí ilẹ̀kùn lọ́la ká máa san owó lọ. A ó jókòó wá ibi tó ti yàtọ̀. Ẹni tó pàdánù eré tó sì bẹ̀rẹ̀ òmíràn lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ kò ṣírò ìwé rẹ̀. Eré kan tí a pàdánù, tí a kọ sílẹ̀, tí a sì tún tò láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹni tó jù wá lọ, sàn ju ogún eré òru lọ. Ibẹ̀ ni àkísà ti ń wá.

Nǹkan kan tún wà tó ń dààmú ẹni tó bá ti mọ nǹkan díẹ̀. Ní 2008, Merim Bilalić àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi ẹ̀rọ tọ ipa ojú àwọn tó ń ta ṣẹ́ẹ̀sì. Ọ̀nà kan tó dára tí wọ́n ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ wà lórí pátákó, ọ̀nà tó yá jù ú lọ náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n ní àwọn ń wá ọ̀nà mìíràn. Ẹ̀rọ fi hàn pé ojú wọn kò kúrò níbi ti àkọ́kọ́. (Ẹni tó bá wà ní ìpàdé tí a fi yan aṣọ ẹgbẹ́ ọdún yìí mọ ohun tí mo ń wí.) Ó lè ṣeé ṣe kí ojú kúrò níbẹ̀, bí a bá fi agbára mú un. Àwọn ọmọ Nàìjíríà ṣe é nídìí Scrabble. Ọ̀rọ̀ gígùn ni gbogbo ayé ń lé, wọ́n wá rí i pé ọ̀rọ̀ kúkurú lè sàn jù nígbà mìíràn, kódà bí èèyàn bá ní ti gígùn lọ́wọ́. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2015, ní Perth ní Australia, Wellington Jighere na Lewis Mackay, ará Gẹ̀ẹ́sì, ní eré mẹ́rin sí òdo, ó sì di ará Áfíríkà àkọ́kọ́ tó gba ipò kìíní àgbáyé. Jighere ti lé ní ọgbọ̀n ọdún nígbà náà.

Lẹ́yìn oúnjẹ lónìí, pátákó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà yóò wà lábẹ́ igi máńgòrò lẹ́yìn gbọ̀ngàn, ọmọ mẹ́fà yóò sì wà nídìí wọn. Mo ti bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n má ṣe kánjú, kí wọ́n máa kọ ìṣísẹ̀ kọ̀ọ̀kan sílẹ̀, kí wọ́n sì jókòó ti yín lẹ́yìn eré láti fi ibi tí ọ̀nà ti yà hàn yín. Ààrẹ ẹgbẹ́ ti gbà láti kọ́kọ́ jókòó. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì máa pè wọ́n ní ọ̀pẹ kí wọ́n tó jẹun.